Ogójì Fóònù Tó Di Àlejò

Kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, Rọra á ti dúró níwájú pẹpẹ àwọn fóònù, àkísà funfun lọ́wọ́ òsì, etí lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ará ọ́fíìsì ló sọ ọ́ ní Rọra. Bí ó bá ń ṣílẹ̀kùn, á ní "rọra." Bí ẹnìkan bá gbé ife omi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, "rọra." Bí èèyàn bá sín, "rọra." Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe, ó sì mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń lé kì í bá wọn jà nítorí orúkọ. Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta ni. Ìwé mẹ́fà ló kà, ó sì dúró síbẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń bẹ̀rù ẹnikẹ́ni tó bá mú bírò lọ́wọ́.

Yàrá náà kò ní fèrèsé. Pẹpẹ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, fóònù mẹ́wàá mẹ́wàá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, okùn iná nídìí gbogbo wọn bí ọmọ tuntun tí wọn ò tíì gé ìwọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ Rọra ni kí ó jí wọn láràárọ̀, kí ó ṣí bíráúsà, ìyẹn ibi tí fóònù ń gbà wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ó lọ sí ojú ewé kan ṣoṣo, kí ó dúró títí àmì aláwọ̀ ewé á fi jáde, kí ó sì bọ́ sórí èyí tó kàn. Ojú ewé yẹn ló ń gba ìtẹ̀ka.

Ọ̀gá ló ṣàlàyé ìtẹ̀ka fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀, kò sì dúró nígbà tó ń ṣàlàyé. Ó ń lọ, Rọra ń sáré tẹ̀lé e. Ó ní kò sí fóònù tó ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì tí kì í tú àṣírí ara rẹ̀ láìmọ̀: bí ojú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, bí lẹ́tà rẹ̀ ṣe rí, ohun tí aago rẹ̀ ń sọ, bí bíráúsà rẹ̀ ṣe pẹ́ tó. Bí wọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, ó di ìtẹ̀ka, ó sì ṣòro kí ti méjì tó bára mu. Ṣùgbọ́n ìtẹ̀ka fóònù kò dà bíi ti èèyàn tó ń bá a wọ sàréè. Ó ń yí padà, díẹ̀ lóṣù yìí, díẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n nínú ilé náà ni bó ṣe ń yára yí tó, àti pé bó bá yí tán, ṣé wọ́n ṣì lè dá a mọ̀.

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi dídá a mọ̀ ṣe?" Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà ló bi í bẹ́ẹ̀ nígbà tó délé.

"Wọn ò sọ fún mi."

"Ìwọ náà ò bi wọ́n."

"Kí n bi wọ́n, kí wọ́n wá bi mí pé kí ni mo mọ̀?"

Mo-ti-mọ̀ ni wọ́n ń pe ọ̀gá náà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sóhun tí wọ́n máa sọ fún un tí kò ní sọ pé òun ti mọ̀. Òrùlé jò sórí tábìlì rẹ̀ nígbà kan, wọ́n sáré lọ sọ fún un, ó ní òun ti mọ̀. Bó bá ti mọ̀, ta ló ní kó fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ kó rin gbingbin? Láàárín oṣù mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló wọ yàrá fóònù: ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, àti ọjọ́ tí ayàwòrán wá. Lọ́jọ́ ayàwòrán, ó gbé fóònù kan sókè, ó ń wò ó bí ẹni tó ń kàwé ńlá. Orí fóònù náà wà nísàlẹ̀, ìdí rẹ̀ wà lókè. Rọra rí i. Ó ń nu pẹpẹ rẹ̀ lọ.

Òfin yàrá náà kò pọ̀. Fóònù tí wọ́n lẹ àmì pupa mọ́ lẹ́yìn, bó bá béèrè pé ṣé kí òun gba àtúnṣe tuntun, kí ó tẹ "Gbà" lójú ẹsẹ̀. Èyí tó ní àmì búlúù, kí ó tẹ "Ó dìgbà mìíràn." Báyìí ni wọ́n á fi mọ èyí tí ìtẹ̀ka rẹ̀ máa tètè yí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun. Ọkùnrin tó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà kò lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Ó tẹ ohun tí kò yẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Ojú rẹ̀ ni kò ríran dáadáa mọ́, ọ̀gá sì ní kó máa lọ sílé lọ tọ́jú ojú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí Rọra bu ọwọ́ lu ìwé pé ojú òun mọ́ kedere. Ó bu ọwọ́ lù ú. Nígbà yẹn, kì í ṣe irọ́ púpọ̀.

Nígbà tó di oṣù karùn-ún, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú rẹ̀ bí èèrà. Rọra sún fóònù jìnnà, ó sún un mọ́ra, ó nù ún, ó nu ojú ara rẹ̀. Pàbó. Ó wá ń fi ibi tí nǹkan wà méfò. "Gbà" máa ń wà lápá ọ̀tún, "Ó dìgbà mìíràn" máa ń wà lápá òsì. Bẹ́ẹ̀ ló ń bá a lọ títí di ọjọ́ tí fóònù kejìlá gbé "Gbà" lọ sí òsì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Àmì búlúù ló wà lẹ́yìn kejìlá. Rọra tẹ òsì. Kó tó mọ ohun tó ṣe, fóònù ti gba àtúnṣe, ó ń yí òbìrípo kékeré lójú, ó ń yọ̀.

Kò lè jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Bí bàtà bá ró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á rò pé òun ni wọ́n ń bọ̀ wá mú. Kò sẹ́ni tó wá. Gbogbo ọgbọ́n tó wà nínú ilé náà, tí wọ́n ń fi ojú fóònù tó wà lókèèrè dá olówó rẹ̀ mọ̀, kò rí èyí tó ṣẹ̀ níwájú wọn.

Fóònù tirẹ̀ ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti bá a sọ lẹ́tà ibẹ̀ di ńlá láti ọjọ́ pípẹ́. Rọra ro ọ̀rọ̀ náà síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ojú èèyàn ni lẹ́tà wà fún. Fóònù kò lójú. Kí ló kan fóònù bí lẹ́tà bá tóbi tàbí bó bá kéré? Ó yọ́ wọ ibi ìṣètò fóònù àkọ́kọ́, ó fi ìka fa lẹ́tà títí ó fi yọ gbàgàdà. Ó ṣe méjìlá lọ́jọ́ Ajé. Ó ṣe mẹ́rìnlá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mẹ́rìnlá tó kù lọ́jọ́rú. "Gbà" wá jókòó síbi tí èèyàn ti lè rí i. Ó tiẹ̀ kọrin díẹ̀ lábẹ́ ahọ́n.

Lọ́jọ́bọ̀, Akọ̀wé kanlẹ̀kùn.

Akọ̀wé ni ọmọbìnrin tó ń jókòó sí yàrá kejì níwájú kọ̀ǹpútà. Gbogbo ìtẹ̀ka tí Rọra bá gbà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń bọ́ sí. Kọ̀ǹpútà náà á yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, á wá kọ ọ́ pé "Mo mọ̀ ọ́n," pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù náà. Bí kò bá dá a mọ̀, á kọ "Àlejò."

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí lọ́sẹ̀ yìí?"

"Ohun bíi kí ni?"

"Ogójì fóònù wa ló di àlejò láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, láti oókan dé ogójì, bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ wọ kíláàsì."

"Háà. Kí ló yí lára wọn?"

"Ìwọ̀n lẹ́tà. Lẹ́tà wọn tóbi sí i, ojú ewé wá fún pọ̀, ìtẹ̀ka wọn kò wá bá tàtijọ́ mu mọ́." Ó mú fóònù kan lórí pẹpẹ, ó tàn án. "Ẹ wò ó. Àgbàlagbà lẹ́tà nìyí."

Rọra nu fóònù tó ti nù tẹ́lẹ̀, ó tún nù ún.

"Bóyá àtúnṣe ló ṣe é," ló wí.

"Àwọn aláàmì búlúù ò gba àtúnṣe kankan."

Ìbẹ̀rù kì í jẹ́ kí ẹnu mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Rọra rí i pé Akọ̀wé ń wo òun, ó sì sọ ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu. "Ó dà bíi pé wọ́n ń kó o ran ara wọn ni. Bí èyí pupa bá ti gbà á, èyí búlúù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á kó o."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni. Ní ọjọ́ kan náà, ó fi àwàdà náà dá ọ̀gá lóhùn nígbà tó bi í léèrè, pé Màmá tó ń tọ́jú fóònù ní wọ́n ń ran ara wọn bí ikọ́.

Mo-ti-mọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde.

"Mo ti mọ̀," ló wí. "Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń fura."

Báyìí ni irọ́ obìnrin tí ẹ̀rù ń bà ṣe di ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀gá ti kọ ojú ewé mẹ́tàdínlógún. Ó pè é ní Àkóràn Ìtẹ̀ka. Ó ní ìyípadà máa ń fò láti ara ẹ̀rọ kan sí ara èkejì bí wọ́n bá sún mọ́ra jù, pé òun lẹni àkọ́kọ́ tó máa sọ ọ́. Ó ya àwòrán àwọn pẹpẹ náà, ó sì ya pẹpẹ márùn-ún, nítorí kò rántí iye tí wọ́n jẹ́. Ó ní kí wọ́n fi àlàfo ẹsẹ̀ kan sáàárín fóònù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì ta ọ̀rá bí aṣọ ìkélé sáàárín aláàmì pupa àti aláàmì búlúù. Rọra ló ta ọ̀rá náà. Ó gun àga, ó kan ìṣó mẹ́jọ, ó ń ta ọ̀rá sáàárín àwọn tí ara wọn yá, nítorí àìsàn tí òun fẹnu ara òun dá.

Akọ̀wé nìkan ni kò gbà. Ó ní òun ò rí fóònù tó ń kó lẹ́tà ran fóònù rí. Ṣùgbọ́n òun ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀, ìwé náà kò sì lè jáde láìsí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀gá fún un di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Kó bu ọwọ́ lù ú, tàbí kó máa lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́bọ̀, Rọra bá ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń fi pépà họ ẹsẹ̀ àga.

"Bàbá àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn."

"Ṣé o jalè ni?"

"Rárá o."

"Ṣé o pààyàn?"

"Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ ná."

Ó sọ ọ́. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ eruku kúrò lára igi, ó ń fi àtàǹpàkò yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ìwọ lo sọ pé fóònù ń kó nǹkan ran fóònù?"

"Èmi ni."

"Odindi ọ̀jọ̀gbọ́n gbà á gbọ́?"

"Ó ní òun ti mọ̀."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tó gbádùn ẹ̀rín náà tán, ojú rẹ̀ dá. "Dákẹ́ jẹ́ẹ́ síbẹ̀. Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ."

"Ọmọ ọlọ́mọ yẹn ńkọ́?"

"Ó kàwé. Ẹni tó kàwé á rí iṣẹ́ mìíràn. Ìwọ ńkọ́? Ta ló máa gba obìnrin tí kò rí lẹ́tà?"

Ọ̀rọ̀ náà tọ́. Ó tọ́ débi pé Rọra jẹun yó, ohun tí kò ṣe láti ọjọ́ mẹ́wàá. Ojo kì í pẹ́ rí ẹni tó máa bá a wá ìdí tó fi yẹ kó máa jẹ́ ojo.

Ọjọ́ Ẹtì dé. Ọ̀gá kó ojú ewé mẹ́tàdínlógún náà wá sórí tábìlì Akọ̀wé, ó to etí wọn dọ́gba, ó gbé bírò lé wọn. Rọra wà lẹ́nu ọ̀nà tó já sí yàrá fóònù, àkísà lọ́wọ́.

"Bu ọwọ́ lù ú níbí."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè bu ọwọ́ lu èyí. Ìwọ̀n lẹ́tà kì í ràn. Ẹnìkan ló yí i."

"Ta ni?"

Akọ̀wé sún ìwé náà padà síwájú ọ̀gá.

"Mo ní ta ni? Ta ló ń wọ yàrá yẹn? Dárúkọ ẹnìkan."

Akọ̀wé wo ilẹ̀. Rọra rí i pé ó wo ilẹ̀, ó sì rí i pé ńṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ má wo ẹnu ọ̀nà. Ó ti mọ̀. Bóyá láti ọjọ́ tó ti mú fóònù yẹn lọ́wọ́ ló ti mọ̀, tó ń retí kí àgbà sọ tẹnu rẹ̀.

"Ṣé o rí i?" ni ọ̀gá wí. "Kò sẹ́nikẹ́ni tó ń wọ ibẹ̀."

Ojú Rọra ló ti sọ ọ́. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ láàárín wọn. Ó ti ń wọ ibẹ̀ láràárọ̀ fún oṣù márùn-ún ó lé, òun ló ń gbálẹ̀ ibẹ̀, òun ló ta ọ̀rá síbẹ̀, kò sì sẹ́nikẹ́ni tó ń wọ ibẹ̀.

"Bí o kò bá ní bu ọwọ́ lù ú, kó ẹrù rẹ. Àwọn tó máa bu ọwọ́ lù ú pọ̀ níta."

Akọ̀wé yọ ṣájà rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó ń ká okùn rẹ̀. Ó ká a roboto, ó tú u, ó tún un ká. Okùn náà ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Rọra tí kò rí lẹ́tà rí ọwọ́ yẹn kedere, títí dé orí èékánná.

"Èmi ni," ló wí. Ohùn rẹ̀ kéré, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ó tún un wí. "Èmi ni mo ń wọ ibẹ̀."

"Kí ni ìyá yìí ń sọ?"

"Èmi ni mo sọ lẹ́tà wọn di ńlá, ọ̀gá. Mi ò... mi ò rí 'Gbà' mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Kò sí àìsàn kankan lára wọn. Èmi náà ni mo sọ pé ó ń ràn. Ẹ̀rù ló bà mí."

Mo-ti-mọ̀ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tó bá àga rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀. Ó wá bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ? Ìwọ lo yí ìtẹ̀ka ogójì fóònù padà? Ẹ̀yin èèyàn yìí, bí ọ̀rọ̀ bá ti tóbi, ẹ ṣáà máa wá àyè sínú rẹ̀ ni. Padà sídìí àkísà rẹ."

Rọra padà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n fóònù kẹrìnlá ló gbé bọ̀. Ó wọ ibi ìṣètò rẹ̀ lójú wọn. Ìka rẹ̀ yọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó nù ún sára aṣọ, ó fa lẹ́tà padà sí kékeré bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó ṣí ojú ewé náà, ó dúró de àmì aláwọ̀ ewé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́ bí kọ̀ǹpútà Akọ̀wé ṣe dún tín-ín.

Akọ̀wé ka ohun tó wà níbẹ̀. "Mo mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà kẹrìnlá."

"Tún òmíràn ṣe," ni ọ̀gá wí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó gbé nọ́ńbà ogún wá. Ó gbé nọ́ńbà ọgbọ̀n wá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tí lẹ́tà rẹ̀ bá ti kéré ni kọ̀ǹpútà ń kí káàbọ̀ bí ọmọ tó sọnù. Ọ̀gá tẹ̀ síwájú, ó wo ojú kọ̀ǹpútà náà pẹ́. Wọ́n dúró kó sọ pé òun ti mọ̀. Kò sọ ọ́.

"O bu ọwọ́ lu ìwé pé ojú rẹ mọ́ kedere," ló wá sọ níkẹyìn.

"Mo bu ọwọ́ lù ú, ọ̀gá."

"Irọ́ lo pa."

"Irọ́ ni mo pa."

"Ọ̀gá," ni Akọ̀wé wí, ó ṣì di okùn ṣájà mú, "irọ́ ojú ewé mẹ́tàdínlógún lẹ̀yin ń fà lé mi lọ́wọ́ yìí. Ti Màmá kò ju ìlà kan lọ."

Ọ̀gá kó ìwé rẹ̀. Bírò jábọ́, kò ṣà á. Ó wọ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn, bí ẹni pé òun ni wọ́n sọ lórúkọ. Kò ní kí Akọ̀wé máa lọ, kò sì ní kó dúró. Akọ̀wé dá ṣájà padà sára ògiri.

Kò pé wákàtí kan tí wọ́n fi lẹ ìwé kan mọ́ ilẹ̀kùn yàrá fóònù. Lẹ́tà rẹ̀ kéré, bí ẹni pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò fẹ́ kí wọ́n rí i kà. Rọra gbé ojú sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan pépà. Àwọn méjì ń kọjá lọ, wọ́n dúró ń wò ó. Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni ì bá mi orí bí ẹni tó kà á tán, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ.

"Akọ̀wé," ló pè é, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Wá bá mi kà á. Mi ò rí i."

Akọ̀wé wá. Ó kọ́kọ́ fi ojú kà á, ó pòṣé, kó tó fi ẹnu kà á. "Láti ọjọ́ Ajé, ẹnikẹ́ni tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá ti ju ọdún márùndínláàádọ́ta lọ kò gbọdọ̀ tọ́jú fóònù nínú yàrá yìí."

"Kò dárúkọ mi."

"Kò láyà láti dárúkọ yín. Bó bá dárúkọ yín, á ní láti kọ ohun tẹ́ ẹ ṣe. Òun alára ti pé ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, Màmá. Ó ti lé ara rẹ̀ náà."

"Ìyẹn ò ni í lára," ni Rọra wí. "Kò kúkú wọ ibẹ̀ rí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò lọ jìnnà. Akọ̀wé ní òun á lọ bá a, òun á sọ fún un pé kò bójú mu. Rọra ní kó jókòó. Ó mọ irú ọkùnrin yẹn. Bó bá sọ ọ́ fún un, á ní òun ti mọ̀, á sì wá ohun mìíràn tí kò dára ju èyí lọ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù ṣì wà lára Rọra. Ó ń ronú ohun tó máa sọ fún ọkọ rẹ̀, ó ń ronú ọjọ́ Ajé tí aago mẹ́jọ máa lù bá a nílé. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún lè ká mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó gun àga, ó yọ ìṣó mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó tú ọ̀rá náà sílẹ̀, ó sì ká a. Ó wá fa Akọ̀wé lọ́wọ́ síwájú pẹpẹ àkọ́kọ́, nítorí òun náà kò tíì jí fóònù kan rí.

"Kẹrin máa ń pẹ́ kó tó jí. Má bá a jà. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, á tún padà sùn. Kẹsàn-án máa ń gbóná, má jẹ́ kó sún mọ́ ògiri. Èyí tó wà ní ìgun yìí, okùn rẹ̀ ti ń ṣẹ́ nínú. Ìka méjì ni kí o fi dì í mú, báyìí, títí iná rẹ̀ á fi tàn."

"Ẹ jẹ́ n lọ mú bírò, Màmá, kí n lè kọ wọ́n sílẹ̀."

"Bírò kẹ̀? Fún mi ní ọwọ́ rẹ," ni Rọra wí, ó sì gbé fóònù náà lé e lọ́wọ́.